Àdá Tí Ó Kàn Mí Láti Lá

Mo ti pòórá rí, ní oko wa lọ́nà Ara, lójú ọkùnrin mẹ́ta, ní ọ̀sán gangan. Bàtà mi nìkan ló ṣẹ́kù nílẹ̀, èéfín ń rú nínú rẹ̀.

Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ tó bá a mu: dìsapíà. Mo kọ́ ọ kí n tó pa ìwé tì. Tíṣà ní ó túmọ̀ sí kí ohun tó wà lójú má sí lójú mọ́. Kó lè yé wa dáadáa, ó nà wá títí awọ ẹ̀yìn wa fi dìsapíà. Àmọ́ òyìnbó ti da gbogbo rẹ̀ pọ̀ jù. Lọ́dọ̀ tiwa, iwin ní ń pòórá, ewúrẹ́ ní ń sọnù, ojo ní ń sá.

Pèrègún la fi pààlà oko wa àti ti àwọn ará ẹ̀gbẹ́ wa. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo fà á tu, mo sún un wọ ilẹ̀ wọn ní ìṣísẹ̀ mẹ́jọ, mo tún un gbìn. N kò sọ fún àbúrò mi. Mo gbàgbé pé ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ kì í fara pa mọ́.

Nígbà tó di ọ̀sán, ọmọkùnrin wọn mẹ́ta dé, tàwọn tàdá.

"Ta ló gbé pèrègún yìí wá síbí?"

"Mi ò mọ̀," àbúrò mi dáhùn.

"Àbí ó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá ni?"

"Ẹ mú àdá yín wá. Bí mo bá mọ̀ nípa ẹ̀, kí irin pa mí. Ẹ̀gbọ́n mi náà á búra."

Ó fahọ́n lá àdá náà láìbẹ̀rù. Wọ́n wá nà án sí mi.

"Bàbá, ó ku ẹ̀yin."

Ibẹ̀ ni mo ti pòórá.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ti jẹ́wọ́ fún ẹ, olè!"

Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ àdá là á lẹ́yìn, gbọ̀à, gbọ̀à. Ó ń ké pé, "Ẹ ní sùúrù, ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ wá búra!" Ó gbọ́wọ́ bo orí, ojú àdá sì bà á lọ́wọ́. Ìka méjì já bọ́ sínú ewé ẹ̀gẹ́.

Títí dòní ló ń sọ fáráyé pé ọlọ́pàá ni mo sáré lọ pè.

Irọ́ ni èéfín inú bàtà. Irọ́ sì ni pé mo pòórá: mo sá ni, inú kòtò ẹ̀yìn ẹ̀gẹ́ ni mo wà, mo sì ń wò ó. Ìyókù, bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn.