Bí Ìyá Mi Ṣe Kọ́ Táígà Ní Jíjókòó Jẹ́ẹ́

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ìyá mi ṣì ń fi mí sáàárín ẹsẹ̀ wọn di irun fún mi, ẹ̀bá rélùwéè ni ilé wa wà ní Ọ̀fà níbí. Kì í ṣe ilé tiwa o. Bàbá mi gba yàrá lọ́wọ́ Àlájà kan, àgbàlagbà obìnrin tí wọ́n mọ́ tónítóní, tí aṣọ funfun kì í kúrò lára wọn. Inú ọkọ̀ ojú irin ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n lè jáde láàárọ̀ kí a má tún rí wọn títí di ọ̀tunla. Ìyá mi ní tiwọn, aṣọ ni wọ́n ń rán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ bá wọn láyé mọ̀ pé wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí wọ́n ṣe rí láti ìgbà náà nìyẹn.

Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ bàbá mi ni wọ́n ṣí lọ sí Òkè Ọya. Kò rí ajá rẹ̀ gbé lọ, ló bá fà á lé bàbá mi lọ́wọ́. Táígà ni orúkọ ajá náà. Bí ẹ bá ń ro irú ajá tó ń sùn sábẹ́ tábìlì lọ́jà, ẹ pa èrò dà. Ajá yìí ga dé ìgbáròkó àgbàlagbà, orí rẹ̀ rí gbàǹgbà bí ọmọrí ìkòkò. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ iwájú lé èjìká bàbá mi, ojú òun àti ojú wọn á ṣe déédéé. Kò burú o, kò gé ẹnikẹ́ni jẹ rí. Ohun tó ń fẹ́ kò ju pé kí gbogbo ayé máa wo òun lọ. Bí àlejò bá wọlé, á fò mọ́ ọn. Bí ìyá mi bá ń tẹ ẹ̀rọ, á ti imú bọ abẹ́ apá wọn. Bí a bá ń bá ara wa sọ̀rọ̀ tí a kò kọjú sí i, á máa gbó títí a ó fi jágbe mọ́ ọn, ìgbà náà ni ìrù rẹ̀ á wá máa jù fìrìfìrì. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ìró oníbàárà lórí àga, ó ń sá kiri àgbàlá, gbogbo wa sì ń sá tẹ̀lé e. Lójú tiwa, a ń lé e. Lójú tirẹ̀, eré la ń bá a ṣe.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀. Àlájà ṣe àlùwàlá tán, wọ́n ń gba àgbàlá kọjá lọ kírun. Táígà rí wọn lókèèrè, inú rẹ̀ dùn, ó fò mọ́ wọn. Àlájà ṣubú lulẹ̀. Ọrùn ọwọ́ wọn rọ́, itọ́ ajá sì ti ba aṣọ ìrun wọn jẹ́. Ká tó wí, ká tó fọ̀, àwọn ọmọ wọn ti dé. Àkọ́bí wọn ọkùnrin kọjú sí bàbá mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé.

"Ẹ gbọ́ o, ajá yìí máa kúrò nílé yìí, àbí kí ẹ̀yin àti òun jọ kúrò."

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀, wọ́n bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní ọdẹ kan wà ní Òjòkú tí yóò gba ajá náà. Gbogbo wa mọ̀ pé ajá tí kò mọ igbó, tó ń fò mọ́ ohunkóhun tó bá rí, kò lè pẹ́ nínú oko ọdẹ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bú sẹ́kún. Ìyá mi kò sunkún ní tiwọn. Wọ́n wọlé lọ bá Àlájà, wọ́n kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi láyè di Iléyá. Bí kò bá gbọ́ràn nígbà náà, èmi fúnra mi ni màá fà á jáde."

Àlájà bi wọ́n pé, "Ìyàwó, ṣé ajá náà ni ìwọ fẹ́ kọ́ bí ọmọ?"

"Ẹ má bínú mà. Kò tíì rí ẹni tó kọ́ ọ ni."

Àlájà mí kanlẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ kan ra ọwọ́ tó wú. Wọ́n ní kò burú, ó di Iléyá.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi kò ṣe ju pé kí wọ́n máa wò lọ. Wọ́n jókòó nídìí ẹ̀rọ, wọ́n ń wo ajá, wọ́n sì ń wo àwa náà. Nígbà tí a jẹun tán, wọ́n pè wá jọ.

"Ariwo wa ni ajá yìí ń jẹ," ni wọ́n wí. "Ẹ̀yin rò pé ẹ ń bú u, òun rò pé ẹ ń kí i. Láti òní lọ, ẹni tó bá jágbe mọ́ ọn ti fún un lóúnjẹ nìyẹn."

Àṣẹ tí wọ́n pa kò le láti gbọ́, àmọ́ ó le láti ṣe. Bí Táígà bá fò mọ́ ọ, kọ ẹ̀yìn sí i. Má wò ó, má bá a sọ̀rọ̀, má tì í. Ìgbà tí gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wà nílẹ̀ ni kí o yíjú sí i, kí o rọra wí pé, "O káre." Ìyá mi rán àpò kékeré kan so mọ́ ìdí, ẹja gbígbẹ tí wọ́n rún ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n tẹ́ àpò ìdọ̀họ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ wọn, wọ́n ń kọ́ ajá náà pé ibẹ̀ ni kó jókòó sí bí oníbàárà bá ń bọ̀. Bó bá jókòó, ẹja. Bó bá dìde, kò sí nǹkan kan.

Ẹ má rò pé ó gbọ́ kíákíá. Ṣe ló burú sí i! Nígbà tó rí i pé a kò dá òun lóhùn mọ́, ó gbó títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó fi èékánná ya bùbá oníbàárà kan, ìyá mi sì tún òmíràn rán fún obìnrin náà láìráhùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò rò pé ó máa ṣeé ṣe.

Ìyá mi ní, "Fìtílà tí epo rẹ̀ fẹ́ tán, ṣe ló máa ń tàn yòò. Ẹ fara dà á."

Ẹni tó ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́ jù lọ, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n: bàbá mi ni. Bí wọ́n bá ti ìrìn àjò dé, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń la ọwọ́ méjèèjì, "Táígà, ọ̀rẹ́ mi!" Ajá á fò mọ́ wọn láyà, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, gbogbo ohun tí a ti ń kọ́ ọ á sì dòfo. Ìyá mi jẹ́ kí bàbá mi jẹun tán lọ́jọ́ kan, wọ́n wá sún mọ́ wọn.

"Bàbá wọn, ẹ̀yin lẹ lè gba ajá yìí sílẹ̀."

"Èmi kẹ̀? Kí ni mo ṣe?"

"Ohun tí a bá kọ́ ọ lẹ́yìn yín, ẹ̀rín yín ló ń pa á rẹ́."

Bàbá mi gbéra lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Àmọ́ ì bá wù mí kí ẹ rí wọn nígbà tí wọ́n tún dé. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú kakí iṣẹ́ wọn, wọ́n gbé báàgì dání, wọ́n kọjú sí títì bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ní kó kọjú sógiri. Táígà ń fò lẹ́yìn wọn. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá ń bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé kò sí o?" Wọ́n á ní, "Kò sí, iṣẹ́ ni mò ń ṣe." Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ títí ó fi rẹ ajá náà tó fi jókòó. Wọ́n wá yíjú, wọ́n sì rọra wí pé, "O káre." Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ayé ìgbà náà kò lè mọ bó ṣe tó. Ọkùnrin tí yóò gba ẹ̀kọ́ lẹ́nu aya rẹ̀, tí yóò sì ṣe é lójú gbogbo àdúgbò, kò wọ́pọ̀. Títí dòní ni mò ń yìn wọ́n fún un.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti ń yí padà. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí pé ajá ń jókòó. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń dúró wò ó.

Iléyá dé. Àlájà ń ti Yídì bọ̀ nínú aṣọ funfun tuntun, àwọn ọmọ wọn ń tẹ̀lé wọn. Àkọ́bí wọn ti mú igi dání. Ìyá mi dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan àgbàlá, wọn kò di ajá náà mú, wọn kò so ó. Wọ́n kàn sọ lẹ́ẹ̀kan péré pé, "Jókòó."

Táígà jókòó. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ìrù rẹ̀ ń gbálẹ̀, ó ń kùn nínú ọ̀fun bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Àlájà ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n dé iwájú rẹ̀, wọ́n dúró. Ajá gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè. Mo di aṣọ ẹ̀gbọ́n mi mú. Ó tún rọra gbé e padà sílẹ̀.

Àlájà wò ó lójú. "Táígà," ni wọ́n wí, bẹ́ẹ̀ wọn kò pe orúkọ rẹ̀ rí. "O káre."

Àṣé gbogbo ìgbà tí a ń ṣe wàhálà yẹn, wọ́n ń gba ojú fèrèsé wò wá! Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn. "Sọ igi yẹn nù. Ajá ilé mi ni."

Ìyá mi kúnlẹ̀ kí Àlájà kú ọdún, nígbà tí wọ́n sì dìde, mo rí i pé wọ́n ń fi etí ìró nu ojú. Lọ́jọ́ yẹn, eegun àgbò tí Àlájà fi ránṣẹ́ sí Táígà tóbi ju ẹran tí èmi jẹ lọ.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ajá ńlá pọ̀ nílùú báyìí ju ti ìgbà wa lọ. Inú àgò irin ni wọ́n ń gbé, àwọn tó ni wọ́n á sì kọ ọ́ sára géètì pé kí ènìyàn ṣọ́ra fún ajá. N kò bá ẹnikẹ́ni wí. Olè pọ̀, iṣẹ́ kò sì jẹ́ kí ènìyàn ráyè. Àmọ́ bí mo bá ń kọjá lọ́nà Ìjàgbó, tí mo gbọ́ irú ajá bẹ́ẹ̀ tó ń gbó láti àárọ̀ mọ́ gbogbo ẹni tó ń lọ, ẹ̀rù rẹ̀ kì í bà mí. Ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé, nínú ilé ńlá yìí, ta ni ó ráyè jókòó tì í?