Aláǹtakùn Tí A Purọ́ Mọ́

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Bàbá Aago, ẹ pe aláǹtakùn rẹ̀ ní kòkòrò. Á kọ́kọ́ yọ awò ojú rẹ̀, á nù ún dáadáa, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ẹsẹ̀ mẹ́fà ni kòkòrò ní, mẹ́jọ ni ti aláǹtakùn, àti pé ẹni tí kò bá lè ka ẹsẹ̀ kò yẹ kó máa sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ní ẹsẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ogójì ọdún ló fi tún aago ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò fẹ̀ ju ìlẹ̀kùn méjì lọ, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ níta rí.

Àwọn aláǹtakùn rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó ń ta okùn sí igun àjà. Onírun ni wọ́n, inú ihò ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n irú tí kì í tóbi ni: èyí tó dàgbà jù nínú wọn, bó bá na gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀, kò lè bo ẹnu ife tíì tán. Oníbàárà kan tó ń kó lọ sí ìlú mìíràn ló fi méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún un nínú ìgò jáàmù. Oníbàárà náà ní ẹni tó lè fi wákàtí mẹ́ta wo inú aago ọwọ́ obìnrin láìkanra nìkan ló lè ní sùúrù wọn. Òótọ́ ló sọ. Yàrá tí ọmọ wọn obìnrin fi sílẹ̀ nígbà tó lọ sílé ọkọ di yàrá aláǹtakùn: pẹpẹ mẹ́ta lára ògiri, àwọn ike tó mọ́ gaara lórí wọn, iyẹ̀pẹ̀ tútù àti èèpo igi nínú ike kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìdérí ìgò kan tí omi wà nínú rẹ̀. Ìrẹ̀ kéékèèké ni oúnjẹ wọn, ìyẹn náà ní ike tirẹ̀ lábẹ́ fèrèsé.

Ìyàwó rẹ̀, onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé, kò fẹ́ rí wọn sójú. Àdéhùn tọkọtaya ni pé aláǹtakùn kankan kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá náà síta, onídìrí náà kò sì ní kọjá rẹ̀ wọlé. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, á dúró sí ọ̀ọ̀dẹ̀, á kan férémù ìlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, á yí padà. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Nígbà kan, Bàbá Aago ń pe abo tó fẹ́ràn jù, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn tó ti pọ́n, ní Ìyálé. Onídìrí gbọ́ ọ láti ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó ní òun ti lo ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú ilé yìí kí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó dé, kí wọ́n wá sọ fún òun bí ẹni tó bá òun nílé ṣe di ìyálé òun. Bàbá Aago rò ó, ó rí i pé ẹjọ́ rẹ̀ tọ́. Láti ọjọ́ náà ni aláǹtakùn ti di Ìyàwó, tí onídìrí sì di Ìyálé. Ó máa ń rojú bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ ẹ.

Ọwọ́ ló da nǹkan rú. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọwọ́ ọ̀tún Bàbá Aago bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Díẹ̀díẹ̀ ni, lọ́jọ́ mìíràn kò tilẹ̀ ṣe é rárá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ aago kò gba díẹ̀díẹ̀. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó sọ fún gbogbo ayé pé ojú ni, pé òun kò ríran mọ́. Irọ́ gbuu, ojú rẹ̀ dá ju tèmi àti tiyín lọ. Bí èèyàn bá ní ojú ń dun òun, wọ́n á ní kó pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ á parí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ọwọ́ náà ni wọ́n á máa wò nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀, ohun tí kò fẹ́ nìyẹn. Ó ra bàtà tí kò ní okùn. Ó ní ìdajì ife tíì ti tó òun. Bí àlejò bá wà, á jókòó lé ọwọ́ ọ̀tún.

Lọ́dún tó kọjá, Ìyàwó yé ẹyin fún ìgbà àkọ́kọ́. Aláǹtakùn kì í fi ẹyin sílẹ̀ lásán. Á hun àpò funfun kan yí wọn ká, á sì gbá a mọ́ra. Àwọn tó ń sìn wọ́n máa ń dúró títí ọgbọ̀n ọjọ́ á fi pé, kí wọ́n tó fi ẹ̀mú yọ àpò náà lọ́wọ́ ìyá, nítorí ìyá tí ẹ̀rù bá bà nínú ike lè yíjú padà kó jẹ ẹ́. Nígbà tí ọjọ́ pé, Bàbá Aago ki ẹ̀mú bọ inú ike, ọwọ́ gbọ̀n, ẹnu ẹ̀mú wọ àpò, àpò ya, ohun tó wà nínú rẹ̀ dà sínú iyẹ̀pẹ̀ tútù. Kò sí èyí tó ṣe é kó. Ìyàwó ń fi ẹsẹ̀ wá àpò rẹ̀ kiri nínú ike títí ilẹ̀ fi ṣú. Bàbá Aago wò ó títí, ó wá ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó kọ gbólóhùn kan síbẹ̀: Ìyá jẹ ẹ́.

Irọ́ náà kò dúró sínú ìwé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, awakọ̀ ojú irin kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń sin irú aláǹtakùn kan náà, béèrè bó ṣe lọ, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Awakọ̀ mi orí, ó ní abo tó bá ti jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan á tún jẹ ẹ́. Ìyálé béèrè ohun tí kò jẹ́ kó jẹun, ó sọ bẹ́ẹ̀ fún òun náà, ìyẹn gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo orí tó jókòó sórí àga rẹ̀ lóṣù náà ló gbọ́ nípa ìkà kan tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, tó bímọ tán tó kó wọn jẹ. Ó dùn mí, mi ò ní tàn yín. Ẹ̀dá tí kò lẹ́nu láti fi jàre ni wọ́n di ẹ̀bi ọwọ́ èèyàn rù.

Lọ́dún yìí, akọ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó mọ ara wọn nídìí sísin aláǹtakùn, ọ̀dọ̀ awakọ̀ ló sì wà. Akọ kì í ju oṣù díẹ̀ lọ láyé lẹ́yìn tó bá gbó, nítorí náà kò sí pé a ṣì ń rò ó. Bàbá Aago bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí kó tó gbé e wá. Awakọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni o. Bí abo yìí bá tún jẹ ẹ́, ìran wọn tán lọ́wọ́ gbogbo wa nìyẹn. Wọ́n bọ́ Ìyàwó yó bámúbámú kí ebi má baà tì í ṣe ohun tí kò yẹ, wọ́n sì tú akọ náà sẹ́nu ihò rẹ̀. Akọ fi ẹsẹ̀ iwájú kan ilẹ̀, ó dákẹ́, ó tún kàn án. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Ìyàwó tó kan ilẹ̀ dá a lóhùn láti inú. Àgbàlagbà méjèèjì wo ara wọn bí àna tuntun. Akọ náà jáde láàyè, ọ̀sẹ̀ kẹfà ló kú, nígbà tó sì ṣe, àpò funfun yọ nínú ihò.

Òwúrọ̀ Sátidé kan ni ọgbọ̀n ọjọ́ pé. Fún odindi ọ̀sẹ̀ kan ni Bàbá Aago ti ń ká òwú mọ́ ìlẹ̀kẹ̀, tó ń fi ẹ̀mú gbé e láti inú ife kan sí òmíràn. Nínú ìgbà mẹ́wàá, ó ya á nígbà mẹ́fà. Ó fi rọ́bà de ọrùn ọwọ́, kò ràn án. Ó dán ọwọ́ òsì wò. Ìyẹn kì í gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò mọ iṣẹ́ kankan. Bó bá fi àpò sílẹ̀, ìyá lè jẹ ẹ́ lóòótọ́. Bó bá fọwọ́ kàn án, ti èṣí ló tún fẹ́ ṣẹlẹ̀ yẹn. Ó gbé ẹ̀mú, ó rí bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń jó, ó gbé e sílẹ̀. Ojú ń tì í nínú yàrá tí kò sí ẹlòmíràn.

Ni Ìyálé bá kan férémù lẹ́ẹ̀mejì. Kó tó yí padà, ó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀.

"Ìyálé, jọ̀ọ́, wọlé."

Ó béèrè pé wọlé síbo. Ọkọ rẹ̀ ní síbí. Onídìrí wo ẹnu ọ̀nà tí kò kọjá rí láti ọdún mọ́kànlá, ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó wọlé. Àárín yàrá gan-an ló dúró sí, ó ká apá méjèèjì mọ́ àyà kí ara rẹ̀ má baà kan nǹkan kan.

"Ọwọ́ mi ń gbọ̀n," ni Bàbá Aago wí.

"Èmi tí mo ti ń bu tíì ìdajì ife fún yín láti ọdún mẹ́ta, ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni?"

"Ó ṣì kù. Ti èṣí yẹn, kò jẹ ẹ́. Èmi ni mo fi ẹ̀mú ya á."

Ti ọwọ́ kò jọ Ìyálé lójú, ṣùgbọ́n èyí wọ̀ ọ́ lára, nítorí kò sí ẹni tó ba ẹ̀dá náà lórúkọ jẹ́ tó òun. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú ike fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìyàwó wà níbẹ̀, ó fi gbogbo ẹsẹ̀ gbá àpò rẹ̀ mọ́ra, kò mira. Onídìrí dìde, ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀, ó padà dé, ó sì na ọwọ́ gba ẹ̀mú.

Ọwọ́ yìí kan náà ni àwọn ọmọdé máa ń sùn lọ lábẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń ya irun wọn sí ìlà wẹ́wẹ́. Bàbá Aago ń fi ẹnu tọ́ ọ: fi ife dá ìyá dúró, fi búrọ́ọ̀ṣì rọra gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, má fún àpò pọ̀, gbé e bí ìgbà tó o bá ń ṣa ẹyọ irun kan. Òógùn bo Ìyálé, ṣùgbọ́n láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka, nǹkan kan kò mì. Àpò jáde. Ó fi sísọ́ọ̀sì la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí tíṣù. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ẹyin mọ́, kò sì tíì di aláǹtakùn: wóró funfun kéékèèké tí ẹsẹ̀ ti yọ lára wọn, tí wọn kò tíì mọ̀ ọ́n rìn. Bàbá Aago há awò tó fi ń wo inú aago mọ́ ojú, ó ń kà wọ́n. Ó ka mẹ́tàdínláàádọ́rin kí omijé tó bo awò náà, Ìyálé ló ka ìyókù.

Bàbá Aago ní kó bá òun fagi lé gbólóhùn èṣí nínú ìwé, kó kọ òtítọ́ síbẹ̀, ó sì kọ ọ́. Bàbá Aago pe awakọ̀ lórí fóònù, ó jẹ́wọ́ fún un. Awakọ̀ ní òun ì bá ti wá bá a yọ ọ́ ká ní ó sọ, ó wá béèrè iye tí wọ́n jẹ́, ó ní kó tọ́jú ogún fún òun.

"Ó ku ṣọ́ọ̀bù," ni Ìyálé wí. "Gbogbo àwọn tí mo sọ fún ni màá padà sọ fún. Wọ́n á sì bi mí pé ta ló wá ṣe é."

Bàbá Aago wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lórí tábìlì, níbi tó ti ń ṣe tirẹ̀.

"Sọ bó ṣe rí," ló wí.

Ó kọjá síwájú ilé. Ògiri tó là wọ́n láàárín kò nípọn. Bàbá Aago gbọ́ bí àwọn oníbàárà ṣe ń kí i, ó gbọ́ àga tí wọ́n fà, ó gbọ́ òòyà tí wọ́n gbé lé tábìlì. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀, bó ṣe máa ń rí lójoojúmọ́.

"Ẹ dákẹ́ ná, ó ní ohun tí mo sọ fún yín tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi tó wà ní yàrá ẹ̀yìn kò jẹ ọmọ rẹ̀. Ọkọ wa ni ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n."