Ìborùn Tó Kọ́kọ́ Balẹ̀ Nínú Ọkọ̀

Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí sínú fóònù rẹ̀, torí èmi ò mọ̀wé. Ó ń múra ìdánwò lọ́wọ́ nílé wa ní Ìgbògbò níbí, wọ́n sì ní kó kọ́ àwọn àkànlò èdè tí Òyìnbó fi ń sọ̀rọ̀ ìdíje. Bí mo ṣe ń ṣa ẹ̀wà, ló ń túmọ̀ wọn fún mi.

"Màmá àgbà, wọ́n ní bí ọlọ́jà méjì bá ń du oníbàárà láìṣàánú ara wọn, ìdíje agé-ni-lọ́fun nìyẹn."

"Ṣé wọ́n ti rí i rí ni?"

"Àkàwé ni, Màmá. Bí ẹni méjì bá sì ń sáré tí ẹnì kankan ò tíì yọrí, wọ́n ní ọrùn kan ọrùn ni wọ́n ń lọ, bí ẹṣin. Ẹni tó bá ti sú, ó ju táwẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Ẹni tó wà lẹ́yìn akànṣẹ́ ló máa ń jù ú, kí wọ́n má baà lu èèyàn rẹ̀ pa."

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi dà nù. Ní Ẹ̀pẹ́ tí mo ti jẹ ayé mi, a kì í ju aṣọ nítorí pé ó rẹ̀ wá. Bí a bá ju aṣọ, ọjà là ń gbà.

Bó ṣe rí rèé. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, bí ọkọ̀ apẹja bá ń bọ̀ wálé, àwa obìnrin ẹlẹ́ja á ti dúró nínú ọ̀sà, omi á mù wá dé orúnkún. Òpó igi kan wà níwájú wa tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọjá. Bí imú ọkọ̀ bá ti kan òpó, oníkálukú á ju ìborùn rẹ̀. Ti ẹni tó bá kọ́kọ́ balẹ̀ nínú ọkọ̀, òun ni yóò ta gbogbo ẹja ibẹ̀. Ọmọ yìí ní Òyìnbó á ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù borí. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n jù. Ọkọ mi ti kú, ọmọ mẹ́rin wà lọ́rùn mi, bí ìborùn mi ò bá wọkọ̀, ebi ni wọ́n máa sùn. Mo máa ń ta etí ìborùn mi ní kókó kó lè wúwo.

Àfìgbà tí wọ́n gbé ìyàwó kan wá láti Imota. Ọ̀dọ́ ni, ara rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ mú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ ò tíì dé òpó tí ìyàwó náà ti wọ́ omi kọjá òpó lọ.

"Ìyàwó, padà sẹ́yìn òpó!"

"Ìyá, ṣé òpó ló bí yín ni?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìborùn rẹ̀ sórí ẹja, jẹ́jẹ́, bí ẹni tẹ́ ẹní.

Bí ọkọ̀ ti kan òpó, mo ju tèmi, ó balẹ̀ tẹ̀lé tirẹ̀, mo sì fa irun rẹ̀ látẹ̀yìn. Ó yí padà, ó gbá ọ̀bọ̀kún ààyè kan mú nínú ọkọ̀, ó là á mọ́ mi lójú, ẹ̀gún ẹja náà wọlé sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Àpá rẹ̀ rèé. Kí n tó fà á yọ, ó ti gùn mí lẹ́yìn, ó ti orí mi bọ omi. Omi gba imú wọlé, mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ nísàlẹ̀ omi níbẹ̀. Mo bu itan rẹ̀ jẹ títí eyín mi fi pàdé. Nígbà tó fi mí sílẹ̀, mo já àjẹ̀ gbà lọ́wọ́ apẹja, mo fi gbá a lápá. Ó dún bí igi ìdáná.

"Subuhanallahi!" ni apẹja ké. "Ẹ ti pa ọmọ ọlọ́mọ!"

Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá là wá. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to egungun. Àgbà ẹlẹ́ja dá ẹjọ́ lójú ẹsẹ̀: ìyàwó kọjá òpó, ìyá ló ni ẹja.

Ọmọ ọmọ mi ní Òyìnbó ní gbólóhùn fún ìyẹn náà: ẹni tó bá borí ló ń kó gbogbo rẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́, kó sì kọ ohun tó kù.

Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ ńlá, ó kún dénu. Kò sí obìnrin tó lè dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gbé ka orí ara rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e rù mí."

Àwọn obìnrin yòókù ń wo omi. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Mo ń pín in gbé lọ sọ́jà, kí n tó padà dé, oòrùn á ti ba ìyókù jẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìyàwó náà tó padà wá, apá rẹ̀ wà nínú ọ̀já. Ó gbọ́ bí mo ṣe ń bẹ̀ wọ́n.

"Ìyá, ẹ pe ọwọ́ tẹ́ ẹ ṣẹ́ kó wá gbé e rù yín."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò bẹ̀ ẹ́, torí ó kọjá òpó, bó bá sì tún kọjá rẹ̀ lónìí, màá tún gbá a. Mo da ẹja padà sínú ọkọ̀ apẹja, mo ní kó wá ẹlòmíì tà á fún. Mo dá abọ́ òfìfo gbé ka orí, mo kó àwọn ọmọ mi, mo lọ wá ọkọ̀ Ìkòròdú wọ̀, n ò sì padà sí Ẹ̀pẹ́ mọ́.