Bàbá Ráwù Kò Gba Jépẹ́gì

Àyè àwòrán kan ṣoṣo ló kù nínú káàdì kámẹ́rà Bàbá Ráwù nígbà tí ìyàwó tuntun mú òrùka láti fi sí ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọbìnrin Bàbá, tó ń bá a gbé iná dání, yọ́ sọ fún un létí pé kó jọ̀wọ́ yí kámẹ́rà sí jépẹ́gì, torí fáìlì jépẹ́gì kéré, àyè á sì gba àwòrán púpọ̀ sí i. Bàbá ò tiẹ̀ wẹ̀yìn.

"Jépẹ́gì á fún àwòrán pọ̀, á sì ju èyí tó bá wù ú nù," ló fi ohùn kẹ́lẹ́ sọ. "Ta ló rán an níṣẹ́?"

Ráwù nìkan ló fọkàn tán, fáìlì gbàǹgbà tó ń kó gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà bá rí pamọ́ láìyọ ohunkóhun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ.

Òrùka wọ ìka, kò tẹ kámẹ́rà. Wọ́n pàtẹ́wọ́, kò tẹ̀ ẹ́. Ìyá ìyàwó ti ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ jà. Àfi bí ọkọ ìyàwó, ọkùnrin tójú rẹ̀ le koko, ṣe bú sẹ́kún. Bàbá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ki kámẹ́rà bọ àpò, ó níṣẹ́ ti parí. Wọn ò tíì gé kéèkì.

Inú bí ẹbí náà títí wọ́n fi rí àwòrán ọ̀hún. Ó ṣì wà lára ògiri wọn dòní.

Kò sẹ́ni tí Bàbá ò bá jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Akọ̀wé ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà kan sọ fún un pé jépẹ́gì nìkan ni kọ̀ǹpútà àwọn ń gbà. Bàbá ní kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Oníbàárà tó ni àwòrán bá yọ́ lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán òdìkejì títì.

Nígbà tí Bàbá kú, wàhálà dé, torí ẹni tó ń ya gbogbo ayé kì í jẹ́ kí wọ́n ya òun. Ọ̀la ni ìsìnkú, atẹ̀wé tó máa tẹ àwòrán Bàbá sì fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Èyí tó wà lórí fóònù àwọn ẹbí, wọ́n ti fi ránṣẹ́ síra wọn títí ojú Bàbá fi di bàìbàì. Ọmọ rẹ̀ ò lè gbé irú ìyẹn síwájú pósí. Bàbá lè dìde jiyàn.

Nínú kọ̀ǹpútà Bàbá, ó rí ráwù kan tóun fúnra rẹ̀ yà lọ́jọ́ tí iná kámẹ́rà kọ̀ tí ò tàn. Ó dúdú bí èédú. Ó ti fẹ́ pa á rẹ́ lọ́jọ́ náà, Bàbá ló dá a dúró.

"Fi í sílẹ̀," ó ní. "Mo wà nínú ẹ̀."

Fóònù ń dún, atẹ̀wé ni. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìmọ́lẹ̀ àwòrán náà sókè díẹ̀díẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Ó tún fà á. Iwájú orí yọ, lẹ́yìn náà ojú, lẹ́yìn náà ẹnu tó là sílẹ̀ díẹ̀, tó ń jiyàn lọ́wọ́. Ọmọ náà sunkún.

Ó gbé fóònù. Atẹ̀wé ní kó tètè fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ní jépẹ́gì o, ẹ̀rọ àwọn ò mọ ráwù.

Ó wo ojú bàbá rẹ̀, ẹ̀rín sì pa á tòun ti omijé lójú.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi," ó ní, "ẹ foríjì mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni."

Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí Bàbá jiyàn, kó tó wá tẹ jépẹ́gì.