Hóró Oògùn Kan, Ìyàwó Ilé Méjì

Ikọ́ kan wà ní agboolé wa tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí àìsàn. Ikọ́ gàrí là ń pè é. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ láti inú ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àwọn ìyàwó ilé ti ń yan gàrí láàárín ògiri mẹ́rin àti fèrèsé kan tí kò fẹ̀ ju ojú abọ́ lọ. Bí ọ̀kan bá wúkọ́, èkejì á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Èmi gan-an máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ikọ́ màmá mi ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí wa, kí òun tó tẹ̀lé e wọlé. N kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Màmá mi àti Ìyá Kékeré ni ọ̀gá gàrí ní àdúgbò wa ní Ṣábẹ. Ìyàwó àbúrò bàbá mi ni Ìyá Kékeré. Ọdún kan náà ni àwọn méjèèjì wọ agboolé, màmá mi ló fi oṣù díẹ̀ ṣáájú, nítorí náà òun ni ìyálé, èkejì sì ni ìyàwó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe ara wọn títí di òní tí irun wọn ti funfun tán, tí àwọn ọkọ wọn sì ti kú. Ààrò kan ni wọ́n jọ ń lò. Wọ́n jọ ń ra gbágùúdá ní Bẹsé àti Kàbúà, wọ́n jọ ń bó o, wọ́n jọ ń yan án. Àgbo tí ọ̀kan bá sè, àwọn méjèèjì ló ń mu ún. Bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa nìyẹn: ìkòkò àgbo á wà nídìí ààrò, ẹni tí irú àìsàn yẹn bá ń ṣe á mú ife wá, á bu tiẹ̀, kò ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá gbé àgbo tirẹ̀ pamọ́ sí yàrá, ojú ahun ni wọ́n á fi máa wò ó.

Ní nǹkan bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ara màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ìró tó ń ró tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú ní ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo rí ẹ̀jẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ nínú itọ́ tó tu sílẹ̀, tó sì yára fi ẹsẹ̀ wọ́ yẹ̀pẹ̀ bò ó. Mo ní kí òun àti Ìyá Kékeré múra ká lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí Ìyá Kékeré náà ń wúkọ́, ó sì ń rù. Ńṣe ni wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín.

"Mẹtirẹ́ẹ̀sì," Ìyá Kékeré wí. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, orúkọ tí wọ́n sì ń pè mí nìyẹn tí wọ́n bá fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín. "Èéfín kan náà ló fà á. Èèyàn méjì á ṣe máa lọ nítorí ikọ́ kan? Kí ìyálé mi lọ. Ohun tí wọ́n bá rí lára wọn, òun náà ló wà lára tèmi."

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà, mo sì gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé mo ti pẹ́ dé kíláàsì. Mo gbé ìyá kan sẹ́yìn zémì, alùpùpù tó ń gbé èrò, mo fi èkejì sílẹ̀ nídìí ààrò.

Ikọ́ ife la rò pé a máa bá. Wọ́n yẹ itọ́ màmá mi wò, kò sí i níbẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀, wọ́n rí òjìji kan nínú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún, tó tó ẹyin adìyẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní ká máa lọ sí Kútọnu. Nígbà tí dókítà tó gbà wá níbẹ̀ sọ ohun tí òjìji náà jẹ́, tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni, mo jókòó padà sórí àga. Màmá mi kò tíì fẹnu kan sìgá rí láyé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà bí ẹni tó ń bá a ṣẹjọ́.

Obìnrin ni dókítà náà, kò dàgbà jù mí lọ, sùúrù rẹ̀ sì ju tèmi lọ fíìfíì. Ó ní kì í ṣe sìgá nìkan ló ń fà á, pé èéfín igi nínú ilé ìdáná tí kò ní afẹ́fẹ́ wà lára ohun tí wọ́n ń fura sí, àti pé nígbà mìíràn kò sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó jẹ́ kí n lè dìde lórí àga. Ó ní nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́, orúkọ kan ṣoṣo làwọn mọ̀ fún gbogbo rẹ̀, oògùn kan náà làwọn sì ń fún gbogbo èèyàn, tó bá ṣiṣẹ́ ó ṣiṣẹ́. Ní báyìí, àwọn máa ń kọ́kọ́ wádìí irú èyí tó jẹ́ gan-an.

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gígùn gba àárín egungun ìhà màmá mi, wọ́n mú díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí òkè òkun. A retí èsì náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. N kò lè jẹun dáadáa. Mo ń na àwọn ọmọ kíláàsì mi lẹ́gba ọ̀rọ̀ lórí ohun tí kò tó nǹkan, àánú wọn sì ń ṣe mí lẹ́yìn náà.

Èsì tó dé dára. Dókítà ní nínú ara wa, ohun kan wà tó ń sọ fún ẹran ara pé kó dàgbà, òmíràn sì wà tó ń sọ pé ó tó. Nínú jẹjẹrẹ màmá mi, èyí tó ń sọ pé kó dàgbà ló ti há, bí ẹnu ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́ tí kò ṣeé tì mọ́. Hóró oògùn kan wà tó lè dí i. Lára ẹni tí tirẹ̀ kò bàjẹ́ lọ́nà yẹn, oògùn náà kò lè wo ohunkóhun sàn. Ó mọ ètò kan tí wọ́n fi ń rí i gbà fún àwọn tí agbára wọn kò ká a, ó sì bá wa kọ̀wé síbẹ̀. Hóró kan lójúmọ́, odindi, pẹ̀lú omi. Ó fi kún un pé nǹkan lè sú sí màmá lára bí irorẹ́, pàápàá lójú, kí màmá má bẹ̀rù, nítorí ó sábà máa ń jẹ́ àmì pé oògùn ti wọ ara.

Kí oṣù àkọ́kọ́ tó parí, nǹkan ti sú sí màmá mi lójú láti iwájú orí dé àgbọ̀n. A dúpẹ́. N kò tíì rí ibi tí èèyàn ti ń yọ̀ nítorí irorẹ́ ojú bẹ́ẹ̀ rí.

Ní oṣù kẹta, a padà sí Kútọnu, wọ́n fi ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń pè ní sikanẹ́ẹ̀ ya àwòrán inú rẹ̀. Òjìji náà wà bó ṣe wà. Kò tóbi sí i, kò kéré sí i. Dókítà wò ó títí.

"Màmá, ṣé ẹ ń lo oògùn yín lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́. N kò fo ọjọ́ kan rí."

Òtítọ́ ni, bí mo ṣe wá mọ̀ nígbẹ̀yìn. Dókítà ní bóyá jẹjẹrẹ náà ti ń wá ọ̀nà mìíràn gbà, pé á dára kí àwọn tún mú díẹ̀ níbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú bọ́ọ̀sì tá a wọ̀ padà sílé, màmá mi kọjú sí fèrèsé láti Kútọnu dé Ṣábẹ. Mo rò pé ìrora ló ń ṣe é.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo dé ẹ̀yìnkùlé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Kékeré jókòó síta, ó ń bó gbágùúdá, oòrùn sì mọ́lẹ̀ sí i lójú. Nǹkan ti sú sí i lójú. Ẹ̀gbẹ́ imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́, àgbọ̀n, gẹ́lẹ́ bíi ti màmá mi. Ẹ̀gbẹ́ èékánná rẹ̀ méjì ti wú, wọ́n ti là. Mo bi í pé kí ló ṣe é.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé ojú sókè kí n lè rí i dáadáa. "Ó ti wọ ara tèmi náà, Mẹtirẹ́ẹ̀sì."

Ó fi ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ hàn mí. Òun ni wọ́n fi ń gé hóró náà sí méjì láràárọ̀, ìdajì fún ìyálé, ìdajì fún ìyàwó. Kò tilẹ̀ fi pamọ́. Ó rò pé mo mọ̀.

Inú máa ń tètè bí mi, ẹ bi àwọn ọmọ kíláàsì mi. Àmọ́ irú èyí kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Lórí ìdúró ni mo wà, níwájú obìnrin tó wẹ̀ mí nígbà tí mo wà ní ìkókó, mo sì ké débi tí àwọn ará ilé kejì fi jáde: "Ẹ̀yin lẹ ń pa màmá mi. Ẹ̀mí wọn lẹ ń gé jẹ láràárọ̀."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá mi jáde láti inú ilé ìdáná, ìyẹ̀fun gàrí kún apá rẹ̀.

"Èmi ni mo fún un," ó wí. "Kí n máa gbé hóró mì, kí òun máa wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi? Tí mo bá yè tí òun sì lọ, ta ni mo fẹ́ jọ yan gàrí?"

Mo lọ sí ẹnu ọ̀nà, mo pe dókítà lórí fóònù. Mo ròyìn ohun tí wọ́n ṣe fún un. Ó ní ó yẹ kí òun ti béèrè lọ́wọ́ wa bí a ṣe ń lo oògùn nílé wa. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní kí màmá bẹ̀rẹ̀ odindi hóró lọ́jọ́ kejì, kí Ìyá Kékeré má fọwọ́ kàn án mọ́, kí a sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò tirẹ̀ kíákíá.

Ikọ́ ife ni wọ́n bá lára Ìyá Kékeré. Oògùn oṣù mẹ́fà ló máa lò, èyí tí wọ́n ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ nílùú wa níbí, tó sì ń wò ó sàn pátápátá. Wọ́n yẹ gbogbo wa wò nínú agboolé, àwọn tó kù kò ní i. Dípò kí inú Ìyá Kékeré dùn, ńṣe ló fajú ro. "Gbogbo ọdún tá a ti jọ ń wúkọ́ yìí," ó wí fún màmá mi, "àṣé ikọ́ wa kò bá ara wọn tan?" Màmá mi rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi dá a dúró.

Láti ìgbà náà, wọ́n wá ọ̀nà tí wọ́n fi jọ ń lo oògùn láì gé e. Bí ilẹ̀ bá mọ́, màmá mi á gbé tirẹ̀ mì lójú ìyàwó rẹ̀, lẹ́yìn náà á sìn ín dé ilé ìwòsàn kí òun náà lọ gbé tirẹ̀ mì lójú nọ́ọ̀sì. A wó ògiri ilé ìdáná kan lulẹ̀ kí èéfín lè ríbi gbà. Èmi ń kí Ìyá Kékeré láràárọ̀ bó ṣe yẹ, ó ń dá mi lóhùn bó ṣe yẹ, kò sì sí ohun mìíràn láàárín wa. N kò bẹ̀ ẹ́. Mo ń sọ fún ara mi pé oṣù mẹ́ta tó ṣòfò yẹn lè jẹ́ èyí tó máa pa màmá mi.

Nígbà tí a tún padà lọ fún àwòrán, òjìji tó tó ẹyin adìyẹ ti di bí èkùrọ́. Dókítà fi méjèèjì hàn wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó ní kò tíì tán, ó lè máà tán, pé oògùn náà lè má ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n òmíràn ti wà nílẹ̀ fún ọjọ́ náà tí kò sí tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń wá àwọn mìíràn. Màmá mi bi í bóyá òun á rí ọdún tó ń bọ̀.

"Mo ń retí bẹ́ẹ̀," dókítà wí. "Mo sì ń retí èyí tó tẹ̀lé e."

Mo sunkún, n kò fi pamọ́. Nínú bọ́ọ̀sì, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ṣábẹ, àwọn òkè ti yọ, nígbà tí màmá mi fọwọ́ kàn mí létí orúnkún.

"Tá a bá dé, lọ bẹ ìyá rẹ."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ fún mi láti gbogbo oṣù wọ̀nyí.

"Mo ń dúró kí n mọ̀ bóyá n ó kú ni. Tí mo bá kú, wàá nílò ẹni tí wàá máa bínú sí. N kò fẹ́ gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ." Ó tún ìró rẹ̀ dì. "Ṣùgbọ́n n kò kú."

Ìyá Kékeré ń ku gàrí nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ ẹ̀yìnkùlé, mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, n kò rí i parí. Ó gbé asẹ́ sílẹ̀.

"Kí ni dókítà wí?"

Mo sọ fún un pé ó ti di bí èkùrọ́. Ó fa apá mi kí n dìde, ó sì ní kí n tún un sọ.