Àwòrán Bíńgò Lórí Àga

Ọjọ́ tí mo ya àwòrán Bíńgò, ajá Dàpọ̀ ọ̀rẹ́ mi, kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Ní Ìdógùn ni ilé wọn wà. Láti àárọ̀ ni mo ti wà ní ẹ̀yìnkùlé wọn pẹ̀lú ọ̀dà, búrọ́ọ̀ṣì àti pátákó ńlá kan. Bíńgò kò fẹ́ jókòó, àfìgbà tí Dàpọ̀ mú eegun dání. Nígbà tí mo parí, a gbé àwòrán náà sórí àga níwájú ilé kí oòrùn lè gbẹ ẹ́, a sì wọlé lọ jẹun.

A kò rántí pé níbi tiwa, àwòrán ẹni tó bá kú ni wọ́n ń gbé síta bẹ́ẹ̀.

Màmá Dàpọ̀ ń ti oko bọ̀. Ọ̀ọ́kán ló ti rí àwòrán náà. Ó da ẹrù iṣu nù, ó figbe ta: "Yéè! Ta ló kú nílé mi o?" Àwọn aládùúgbò sáré jáde, wọ́n bá a sunkún láìmọ ẹni tó kú.

Bíńgò ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń ju ìrù. Màmá wo ajá, ó wo àwòrán, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ gbé e wọlé," ó ní. "Ẹni tó wà láàyè kì í jókòó síbẹ̀ yẹn."

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ ni àwòrán náà wà fún ọdún púpọ̀. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, Bíńgò kú. Màmá fúnra rẹ̀ ló gbé àga síta, ó nu ojú àwòrán náà, ó sì gbé e lé e.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó kú.