Àwòrán Tí Mo Yàn fún Mọ́wùnmí

Mo mọ Mọ́wùnmí kí ó tó mọ̀ pé ó yẹ kí èèyàn ṣí ìdérí kúrò lójú kámẹ́rà kí ó tó ya fọ́tò. Èmi Ọládàpọ̀ ni mo kọ́ ọ, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó sọ ìyókù.

Ọmọ Iléṣà ni. Ní 1993, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó ń tọ́jú màmá òyìnbó arúgbó kan ní Thamesmead North, ní Lọ́ńdọ̀nù: ó ń wẹ̀ fún un, ó ń se tíì, ó sì ń fi kẹ̀kẹ́ arọ tì í kiri àárín àwọn ọlọ́jà Beresford Square nígbà tí oòrùn bá yọ. Ní Sọ́ńdè, a jọ máa ń wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa, òun láàárín àwọn akọrin, èmi pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn. Ọ́fíìsì ni mo ń gbá láàárọ̀ ní Woolwich, ṣùgbọ́n fọ́tò ni iṣẹ́ mi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi sin ọ̀gá mi ní Ìbàdàn kí n tó gba òmìnira. Ohun tí ó kọ́ mi kò pọ̀: ẹni tí a bá ń yà gbọ́dọ̀ kojú sí wa, kí etí méjèèjì hàn, kí ọwọ́ wà lórí orúnkún, kí a má sì gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí o bá gé ẹsẹ̀ oníbàárà, yóò dá fọ́tò padà, yóò sì béèrè ibi tí o gbé ẹsẹ̀ òun sí.

Ọdún méjì gbáko ni mo ti ń bẹ obìnrin òyìnbó tí ó ń bójú tó gbọ̀ngàn kékeré kan létí adágún Southmere pé kí ó jẹ́ kí n gbé àwọn fọ́tò ìkórè wa kọ́ sára ògiri rẹ̀. “We'll see” ni ó máa ń wí. “We'll see” náà dàgbà títí ó fi hu irùngbọ̀n.

Ìgbà náà ni màmá òyìnbó ní òun fẹ́ fojú kan ọmọ òun tí ó wà ní Penang, ní Malaysia, kí òun tó kú. Ta ni yóò ti kẹ̀kẹ́? Mọ́wùnmí. Ó wá yá kámẹ́rà mi kejì, mo sì yá a. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n lò, wọ́n tún yà ní Bangkok nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Bí màmá bá ti sùn lọ́sàn-án, ọjà ni Mọ́wùnmí ń lọ. Èmi tí mo ti ń lálàá irú ọjà bẹ́ẹ̀ láti Ìbàdàn, ọ́fíìsì ni mo ń gbá.

Ó dé, ó kó fíìmù mẹ́rìnlá wá fún mi.

“Uncle Dàpọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọ́ṣì ẹ̀. Lady tó wà ní hall Southmere ní kí n mú twelve pictures wá fún exhibition. Màmá tí mò ń tọ́jú ló bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ bá mi choose wọn. Èmi ò mọ èyí tó dáa.”

“Exhibition? Ní hall yẹn?”

“Wọ́n fún mi ní gbogbo ògiri ọ̀tún, Uncle.”

Mo ní kò burú. Ó ti lọ tán kí n tó rí i pé mo ti tẹ páálí fíìmù kan pa mọ́ ọwọ́. Mo jowú.

Balùwẹ̀ mi, tí mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì dí fèrèsé rẹ̀, ni mo ti ń wọ́ṣì fọ́tò. Àwọn àwòrán náà ń jáde nínú omi. Nínú púpọ̀ nínú wọn, ó tẹ̀lé ẹ̀kọ́ mi: ọlọ́jà dúró ṣánṣán lẹ́yìn ọjà rẹ̀, ó kojú sí wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n nínú àwọn kan, ó ti gbàgbé ohun gbogbo. Obìnrin kan doríkodò sórí ẹja, fìlà rẹ̀ nìkan ni a rí. Ọwọ́ méjì ń di ewé, kò sí ẹni tí ó ni wọ́n. Ọkùnrin kan sùn sórí àpò àlùbọ́sà, kò lẹ́sẹ̀. Ìyá kan tí ó ń tajà nínú ọkọ̀ ojú omi ń na abọ́ núdù, irú Indomie, sí ẹni tí apá rẹ̀ nìkan hàn. Mo wo ìyẹn pẹ́. Ohun kan nínú rẹ̀ ń bí mi nínú, n kò sì mọ ohun tí ó jẹ́.

Mo ṣa méjìlá nínú àwọn tí ó ti bàjẹ́ wọ̀nyí, mo wọ́ṣì wọn tóbi, mo sì kó wọn fún un. Àwọn tí ó dára, mo kó wọn sínú àpò-ìwé, mo jù wọ́n sórí wọ́dúróòbù. Mo fẹ́ kí wọ́n fi Mọ́wùnmí ṣẹ̀sín, kí wọ́n wá ẹni tí ó mọṣẹ́. Ẹni a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Èmi ni, n kò purọ́.

Lọ́sàn-án Sátidé tí wọ́n ṣí exhibition náà, mo wọ kóòtù mi tí ó dára jù, mo tètè lọ wòran ìtìjú rẹ̀. Àwọn èèyàn kàn dúró síwájú ògiri ni, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Obìnrin òyìnbó tí ó ń bójú tó gbọ̀ngàn náà kò kúrò níwájú ìyá olónúdù. Ó ní ẹni tí ó ya èyí kò dá ọlọ́jà dúró lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn ti sọ kò tó, kí àwòrán náà wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kí Mọ́wùnmí sì wá ya Beresford Square fún àwọn. Auntie Leah láti ṣọ́ọ̀ṣì wa nìkan ni ó béèrè ibi tí ẹsẹ̀ wà. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn gan-an lọ́jọ́ náà.

Ní Sọ́ńdè kejì, nígbà ìjẹ́rìí, Mọ́wùnmí bọ́ síwájú pẹpẹ nínú aṣọ funfun rẹ̀.

“Ẹ̀yin ará, tó bá jẹ́ èmi ni mo choose, àwọn tó dúró gbagidi bíi ti passport ni ǹ bá mú. Ǹ bá ju àwọn yòókù nù. Uncle Dàpọ̀ ló rí ohun tí èmi tí mo yà á ò rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúnlẹ̀, ẹ bá mi ṣàdúrà fún wọn.”

Gbogbo ìjọ kúnlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè.

“Baba, inú tí Uncle Dàpọ̀ fi ṣe é fún mi, inú yẹn náà ni kí Ẹ fi ṣe tiwọn fún wọn.”

Wọ́n ní Àmín. Auntie Leah tí ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, nítorí pé kò gbọ́ ohùn mi. Mo wo ilẹ̀, mo sì ní Àmín.